Ó Fi Orúkọ Ìyá Rẹ̀ Sọ Kọ́ńpìnnì

Ẹni tó bá ti dalẹ̀ rí nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kó fara balẹ̀ kà á dópin. Ẹni tí ò tíì dalẹ̀ rí, kó yáa kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí kò sẹ́ni tó ń jí láàárọ̀ tó máa ní òun fẹ́ lọ dalẹ̀ lónìí. Lemuel Frasier náà ò sọ bẹ́ẹ̀.

Erékùṣù Pinder, létí òkun South Carolina, ni wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ nilé ọkọ tèmi náà, mo sì ti pẹ́ níbẹ̀ tó láti mọ̀ pé Lemuel kì í ṣe ọmọ burúkú. Ìyá rẹ̀, Rosetta, kú nígbà tó wà ní kékeré. Eulalie, àbúrò ìyá náà, ló gbà á tọ́. Obìnrin yìí ò lọ́kọ, kò sì bímọ. Lemuel ni gbogbo ohun tó ní, òun náà ló sì máa ń bá jà tí ìrẹsì bá jóná.

Baba ńlá wọn ló ra ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé, kété tí oko ẹrú parí. Kò sí ìwé tó sọ pé ti lágbájá ni. Gbogbo ọmọ tó ti ara baba yẹn wá ló jọ ni gbogbo rẹ̀, àtẹni tó wà nílé, àtẹni tó ti ṣí lọ sókè ní Philadelphia tí kò bojú wẹ̀yìn mọ́. Ẹni tí ayé bá rọ́ lù níta lè padà wá kọ́lé síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní bi í pé ta ló pè é. Àǹtí Eulalie a máa sọ pé ilẹ̀ àwọn kì í béèrè ibi téèyàn ti ń bọ̀.

Àmọ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní àléébù kan. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ta ìpín tirẹ̀ fún àjèjì, àjèjì náà ti di onílẹ̀ nìyẹn, ó sì lè gba kóòtù lọ pé kí wọ́n ta gbogbo ilẹ̀ náà kóun lè gba tòun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bára wọn ṣàdéhùn pé ẹni tó bá fẹ́ ta, kó kọ́kọ́ wá sọ ọ́ lójú ẹbí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àǹtí Eulalie. Ọ̀pọ̀ ló ti wá síbẹ̀ láti sọ pé àwọn fẹ́ ta, tó jẹ́ pé ìrẹsì ni wọ́n jẹ tán tí wọ́n sì lọ.

Wọ́n tún ní orúkọ ilé, yàtọ̀ sí orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì àti tìjọba. Nínú ẹbí Frasier, ará ìta kì í gbọ́ ọ, wọn kì í tilẹ̀ kọ ọ́ sójú oórì. Rosetta ni gbogbo erékùṣù mọ̀, ṣùgbọ́n nínú ilé, Mimba ni. Lemuel ń jẹ́ Kwako. Tí ẹnì kan bá kú nínú wọn, kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ bò ó, ọmọ ẹbí kan á bẹ̀rẹ̀ létí kòtò, á fi orúkọ ilé pe òkú náà, kí àwọn tó ti lọ ṣáájú lè mọ ẹni tó ń bọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n sin Rosetta, Àǹtí gbé Lemuel sún mọ́ etí kòtò, ó ní, "Pè é, Kwako. Ìwọ lo ni ín."

Ọmọdé náà pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Àwọn àgbà kú tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Philadelphia ò mọ orúkọ ilé ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, ó ku Àǹtí Eulalie àti Lemuel nìkan tó mọ̀ ọ́n.

Lemuel wá ṣí lọ sí Charlotte, ní North Carolina. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà níbẹ̀, ó ń kó àga àti bẹ́ẹ̀dì fún ẹni tó ni ọkọ̀ náà, ó sì ń wù ú láti ní tirẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bá Royce Tillman dọ́rẹ̀ẹ́. Ilé ni Royce ń rà tó ń tà. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ dùn ni, tí yóò bá ọ ra oúnjẹ ọ̀sán kó tó béèrè ohun tó fẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí Cleveland pe Lemuel láti Philadelphia. Ọmọ ìdílé Frasier ni Cleveland, ó ní ìpín nínú ilẹ̀ náà, ó sì fẹ́ tà á. Ó ní kí Lemuel bá òun wá ẹni tó máa rà á, àmọ́ kí Àǹtí Eulalie má gbọ́, torí òun ò lè fara da ẹnu ẹ̀. Ohun tó yẹ kí Lemuel sọ ò le. Kó ní, "Cleveland, wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀." Kò sọ ọ́. Royce ló lọ sọ fún.

Royce ní kí Lemuel rà á fúnra rẹ̀. Òun á mú owó wá. Ó ní dandan ni kí àwọn ará òkè yìí ta ìpín wọn. Bí Lemuel ò bá rà á, ẹlòmíì á rà á.

"Àǹtí mi máa pa mí," ni Lemuel wí.

"Ta ló fẹ́ sọ fún un? Delaware la máa lọ."

Ó wá ṣàlàyé. Ìpínlẹ̀ kan ni Delaware, àwọn ò ní fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rárá, orí fóònù ni gbogbo rẹ̀ á parí sí. Wọ́n á dá kọ́ńpìnnì kan sílẹ̀ fún àwọn níbẹ̀, irú èyí tó jẹ́ pé bó bá jẹ gbèsè, gbèsè náà ò ní wọlé ẹni tó ni ín. Ìwé tí gbogbo ayé lè rí lọ́hùn-ún ò sì ní gbé orúkọ àwọn. Charlotte làwọn á jókòó sí, South Carolina làwọn á ti ra ilẹ̀.

Lemuel rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ká máa gbé ibì kan, ká forúkọ sílẹ̀ níbòmíì, ká tún lọ ṣòwò níbi kẹta. Royce, ṣé ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Royce ní gbogbo ẹni tó bá nítumọ̀ ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe é, kò sì lòdì sófin. Òótọ́ ló sọ, kò lòdì sófin. Ohun tí òfin ò kà léèwọ̀ tó sì ń tú ilé ká, ó pọ̀ láyé.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Lemuel lára. Ó ronú títí. Ó ní bóun bá kó gbogbo ìpín àwọn ará òkè jọ, òun ló máa di olórí ilẹ̀ náà, lọ́jọ́ kan òun á sì wá sọ fún Àǹtí pé, "Ẹ wò ó, mo ti gbà á padà." Ó tún ronú nípa ọkọ̀ akẹ́rù, torí Royce ti sọ pé tí wọ́n bá fi díẹ̀ nínú ilẹ̀ náà yáwó, ọkọ̀ ti dé nìyẹn. Ó sọ fún mi pé òun ò mọ èyí tó wu òun jù nínú méjèèjì nígbà yẹn. Mo gbà á gbọ́.

Royce ló lowó, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ pé ó máa borí. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí orúkọ tirẹ̀ hàn níbì kankan. Ó ní Lemuel ni kó jẹ́ alákòóso, kó jẹ́ pé òun nìkan ló lè fọwọ́ síwèé, torí òun lọmọ ilẹ̀. Lemuel rò pé iyì ni wọ́n fún òun.

Ọmọbìnrin tó dá wọn lóhùn lórí fóònù béèrè orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ kọ́ńpìnnì náà. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ mú wá, ẹlòmíì ti gbà á. Òmíràn tí Royce dá lábàá, wọ́n ti gba ìyẹn náà. Royce bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Mimba," ni Lemuel wí.

Royce bi í pé kí ni ìyẹn. Ó ní orúkọ kan ni. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ ní Delaware, ọmọbìnrin náà sì kọ ọ́ sílẹ̀. Inú Lemuel dùn lọ́jọ́ yẹn. Lójú tirẹ̀, bí orúkọ ìyá òun bá wà lórí ẹ̀, ti ilé ló máa jẹ́.

Wọ́n ra ti Cleveland. Wọ́n tún ra ti àwọn mélòó kan mìíràn lókè lọ́hùn-ún. Cleveland ò lè pa ẹnu mọ́, ó jẹ́ kó bọ́ létí ìbátan kan pé kọ́ńpìnnì ará Delaware ló rà á, àmọ́ kò dárúkọ Lemuel. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àǹtí Eulalie kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Láti ọjọ́ náà ni Delaware ti di ènìyàn. Tí ajá bá gbó, Àǹtí á ní Delaware ló dé. Bí akàn bá jẹ oúnjẹ inú pàkúté lọ, Delaware ló jẹ ẹ́. Àwọn aládùúgbò á máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tó bá ku òun nìkan, á gbé apẹ̀rẹ̀ tó ń hun sílẹ̀, á máa wo omi.

Nígbà tí Lemuel wálé, ó fún un lẹ́ja jẹ, ó jókòó tì í. "Kwako," ó ní, "ìwọ lo wà láàárín àwọn ará ìlú ńlá. Bá mi wádìí. Ta ni Delaware yìí? Kí la ṣe fún un?"

Lemuel ní òun máa wádìí.

Ó padà dé Charlotte, ó sọ fún Royce pé ó tó, kí wọ́n má ra ti ẹnikẹ́ni mọ́. Royce wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ní ríra ti parí tipẹ́. Òun ti ní kí lọ́yà pe ẹjọ́ kí kóòtù ta gbogbo ilẹ̀ náà pátá, àwọn tó fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sí etí omi sì ti ń dúró. Lemuel ní kì í ṣe ohun tí wọ́n jọ sọ nìyẹn. Royce ní kó lọ ka ohun tó fọwọ́ sí.

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ọdún pọ̀ tí àwọn olówó ti ń fojú sí ilẹ̀ yẹn, wọn ò rí ọ̀nà wọ ibẹ̀. Ọmọ ilé ló ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ọmọ Pinder kan tó kàwé, tí gbogbo wa ń pè ní Lọ́yà Deas, ló gba ẹjọ́ náà rò fún Àǹtí láìgba nǹkan kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni gbogbo ìwé ẹjọ́ ń lọ. Òun náà, "àwọn ará Delaware" ló máa ń pè wọ́n tó bá ń bá Àǹtí sọ̀rọ̀. Ó wádìí títí ó fi rí nǹkan kan. Kọ́ńpìnnì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn tó sì ń ṣòwò ní South Carolina, ó gbọ́dọ̀ wá forúkọ sílẹ̀ ní South Carolina kí kóòtù ibẹ̀ tó lè gbọ́ ẹjọ́ tó bá pè. Kọ́ńpìnnì yìí ò forúkọ sílẹ̀. Adájọ́ dá ẹjọ́ dúró.

Ẹ ò rí bí inú ṣe dùn ní Pinder lọ́jọ́ náà. Mo wà níbẹ̀. Àǹtí Eulalie se ìrẹsì pupa, ó fi edé sí i, ó ní kí gbogbo àdúgbò wá jẹun. Ó fóònù Lemuel pé kó máa bọ̀. Lemuel wá, ó sì jẹun. Àǹtí di apá rẹ̀ mú lójú gbogbo wa.

"Wọ́n ti tì í síta, Kwako," ó rọra wí sí i létí. "Delaware dúró síta bí adìẹ tí òjò pa."

Lemuel rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wa. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó dà bí ẹni pé yẹ̀pẹ̀ lòun ń jẹ.

Lóòótọ́, ọ̀nà àbáyọ ti wà ní ọwọ́ rẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo ló lè fọwọ́ sí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ní South Carolina, òun sì ni. Royce fúnra rẹ̀ ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí Lemuel bá kọ̀, kóòtù ò ní gbọ́ ẹjọ́ náà, ó kéré tán fún ìgbà díẹ̀, Àǹtí á sì rí àyè mí.

Royce wá bá a níbi tó ti ń kó ẹrù sọ́kọ̀. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde.

"Bí mi ò bá fọwọ́ sí i ńkọ́?"

Royce ò bínú. Ó ní, "Màá pe lọ́yà wọn. Màá ní kó bá mi kí Àǹtí Eulalie, kó sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ló ń kí i."

Lemuel sọ fún mi pé gbogbo ohun tóun ń rí ni ojú Àǹtí, bí yóò ṣe rí tó bá gbọ́. Kò rí ilẹ̀. Kò rí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú yẹn nìkan ló rí. Ó gba bírò, ó sì fọwọ́ sí i.

Àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Lemuel sá fún ẹ̀sín, ilé wọn ló kú.

Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ padà. Àǹtí ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun ò ní lọ sí kóòtù, torí orúnkún ń dùn ún, Lọ́yà Deas á gbẹnu sọ fún òun. Ìyẹn fi Lemuel lọ́kàn balẹ̀. Ó wálé lọ́jọ́ náà kó lè jókòó tì í. Ó débẹ̀, ó bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti dé fìlà.

"Gbé mi lọ," ni Àǹtí wí. "Mo fẹ́ fojú mi rí Delaware."

Ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọ̀nà jìn, oòrùn mú, orúnkún ńkọ́. Àǹtí ti ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Lemuel wakọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin sẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n yà jẹun, Àǹtí ní ebi ò pa òun. Ó ń gbàdúrà pé nọ́ńbà ẹjọ́ nìkan ni kí wọ́n pè, kí wọ́n má pe orúkọ.

Ní ẹnu ọ̀nà kóòtù, Lọ́yà Deas kí Àǹtí, kò kí Lemuel. Ó kàn wò ó. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó sì ti rí ẹni tó fọwọ́ sí i. Ó fẹ́ fi pamọ́ títí ẹjọ́ á fi parí, kó lè sọ ọ́ fún Àǹtí jẹ́jẹ́ nílé.

Wọ́n jókòó. Lemuel gbé báàgì Àǹtí lé itan. Akọ̀wé kóòtù dìde, ó sì pe ẹjọ́: kọ́ńpìnnì Mimba, ti ìpínlẹ̀ Delaware, àti àwọn àrólé Frasier.

Àǹtí Eulalie gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìnkùlé.

"Ta ló pe ẹ̀gbọ́n mi?"

Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbọ́. Adájọ́ wò ó. Akọ̀wé rò pé kò gbọ́ dáadáa ni, ó tún un pè fún un ketekete: Mimba. Àǹtí wo akọ̀wé náà, ó wo lọ́yà tó gbẹjọ́ rò fún kọ́ńpìnnì, ó wo gbogbo àwọn àjèjì tó wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó yẹ kó mọ orúkọ náà nínú wọn. Ó wá yíjú sí ẹni tó gbé báàgì rẹ̀ lé itan.

"Lemuel," ó ní. Láti ọjọ́ tó ti gbà á tọ́, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí; lójú ará ìta, "ọmọ mi" ló máa ń pè é. "Ṣé ìwọ ni Delaware?"

Omi ń bọ́ lójú Lemuel. Àǹtí gba báàgì rẹ̀, ó dìde lórí orúnkún tó ń dùn ún, ó sì lọ jókòó ti Lọ́yà Deas. Lọ́yà ló gbé e padà sílé.

Kóòtù fún ẹbí láyè kí wọ́n ra ìpín tó wà lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì náà padà. A dáwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò tó. Lemuel kó gbogbo èyí tó ní, ó gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Àǹtí ò lé e. Ìbá sàn ká ní ó lé e.

"Ẹ kú ìrìn, Ọ̀gbẹ́ni Frasier," ó ní. "Ẹ dìde nílẹ̀. Ẹ jókòó, kí n bu omi fún yín."

Ó ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, bíi ti àlejò tó ṣìnà. Lemuel bẹ̀ ẹ́ pé kó bú òun. Àǹtí bu omi wá fún un, kò fọwọ́ kan owó náà, ó sì padà sídìí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n ta ilẹ̀ náà. Àǹtí kó lọ sí yàrá kan lẹ́yìn ilé ìyá Lọ́yà Deas. Kò gbin nǹkan kan níbẹ̀, kò sì hun apẹ̀rẹ̀ mọ́. Òtútù ọdún náà ò tíì tán tó fi kú. Wọ́n ní ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀, èmi ò bá dókítà jiyàn.

Itẹ́ òkú wọn ti wà nínú ọgbà àwọn onílé tuntun. Ọkùnrin kan dúró níbi géètì, ó ń béèrè orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó jẹ́ ká wọlé sin òkú wa. Ó béèrè ti Lemuel náà, Lemuel sì sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé pósí sínú kòtò, Lemuel bọ́ sí iwájú. Òun nìkan ló kù láyé tó mọ orúkọ ilé Àǹtí Eulalie. Ó ti fi orúnkún kan kúnlẹ̀ nígbà tí Lọ́yà Deas di èjìká rẹ̀ mú.

"Ẹ má bínú," ó wí, òun fúnra rẹ̀ ń sunkún. "Àǹtí ní kí ẹ má pe òun. Ó ní tí òun bá débẹ̀, òun á sọ ẹni tí òun jẹ́ fúnra òun."

Wọ́n sì da yẹ̀pẹ̀ bò ó bẹ́ẹ̀, láìpè é.

Lemuel ṣì wà ní Charlotte. Royce ti lọ dá kọ́ńpìnnì mìíràn sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíì. Nígbà tí Lemuel wá bá mi pé kí n kọ ìtàn yìí, ó sọ orúkọ ìyá rẹ̀ àti tirẹ̀ fún mi, ó ní kí n kọ wọ́n síbẹ̀, wọn kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni mọ́. Ti Àǹtí nìkan ni kò sọ.

Nígbà tó ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó bi mí pé lọ́jọ́ tóun bá kú, ta ni yóò bẹ̀rẹ̀ létí kòtò, tí yóò pe òun ní Kwako?

Mo mọ orúkọ náà báyìí, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹbí ló ń pè é.